Etí ta la fẹ́ gbà gbọ́? Ìtàn preamp, ohùn orin, àti ọkùnrin tó gbọ́ ohun tí etí èèyàn kì í gbọ́

Ẹ̀yin tèmi, thread òní máa gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá ń kọrin, tó ń ṣe podcast, tàbí tó ń fi ohùn ẹ̀ jẹun lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Ó kan àpò ẹ̀ náà.

Ọdún 1915 la ti máa bẹ̀rẹ̀, ní Amẹ́ríkà. Thomas Edison ní ẹ̀rọ giramafóònù tuntun kan tó fẹ́ tà, Diamond Disc lorúkọ ẹ̀. Báwo ló ṣe máa fi hàn pé tòun dáa ju ti àwọn yòókù lọ? Ilé-iṣẹ́ ẹ̀ lọ háyà àwọn akọrin. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà sórí ìtàgé, akọrin á dúró tì í, á máa bá àwo tóun fúnra ẹ̀ ti ṣe kọrin pọ̀. Tó bá yá, akọrin á pa ẹnu dé, àwo á máa bá orin lọ. Nígbà míì wọ́n tiẹ̀ máa ń paná gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ sọ fún wa: ta ló ń kọrin báyìí, èèyàn ni àbí ẹ̀rọ? "Tone test" ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ṣe é káàkiri ìlú. Àwọn èèyàn ń jáde, wọ́n ń búra pé àwọn ò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ lọ gbọ́ àwo ayé ìgbà yẹn lónìí. Ó ń ta ṣàà bí epo gbígbóná nínú agbada alákàrà. Kí ló wá dé tí etí wọn fi gbà á?

Anna Case, ọ̀kan lára àwọn akọrin náà, ló tú u síta nígbà tó ti darúgbó. Ó ní bóun bá kọrin sókè bóun ṣe máa ń kọ ọ́, ohùn òun á bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ṣe ló ń rẹ ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀, tó ń jẹ́ kó dún bíi ti ẹ̀rọ, káwọn èèyàn má bàa mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹ̀rọ ò jọ èèyàn. Èèyàn ló jọ ẹ̀rọ.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ohùn méjèèjì ò ju ara wọn lọ ní sísókè. A ṣì máa padà síbẹ̀.

Lásìkò yẹn, kò sí máìkì nínú gbígba ohùn sílẹ̀, kò sì sí preamp. Ní 1922, Olùṣọ́àgùntàn Josiah Jesse Ransome-Kuti láti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn lédè Yorùbá fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá bàbá Fela. Ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn kì í ṣe máìkì, àrọ ńlá kan ni. Ẹ máa kọrin sínú àrọ, agbára ohùn yín fúnra ẹ̀ láá ti abẹ́rẹ́ tó ń gé ilà sára ìda. Kò sí iná mànàmáná kankan láàárín ọ̀fun yín àti àwo.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò lè gbà ju ohùn tó wà láàárín bí 250 hertz sí 2,500 hertz lọ. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀ 250, ní bí 100 sókè díẹ̀. Ẹ rò ó wò. Èdè wa ni o, èdè tó jẹ́ pé bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, "igbá" á di "ìgbà". Ìpìlẹ̀ ohùn bàbá náà ò wọlé sínú àwo rárá, síbẹ̀ dò-rè-mí ọ̀rọ̀ ṣì yé olùgbọ́. Ohun tó fà á ni pé etí máa ń lo àwọn ohùn kéékèèké tó wà lókè láti fi tún ìpìlẹ̀ tó sọnù kọ́ fúnra ẹ̀. Etí kì í kàn gba nǹkan wọlé lásán, ó máa ń fi tiẹ̀ kún un. Ohun tó mú kí dídájọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú etí jẹ́ iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ní 1925 ni ọ̀nà tuntun dé, èyí tí Western Electric ṣe. Máìkì gba ipò àrọ. Ohùn di iná. Ṣùgbọ́n iná tó ń jáde lára máìkì kéré púpọ̀, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt ló máa ń jẹ́ nígbà míì, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè kó tó lọ síbòmíì. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn ni preamp. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé máìkì yín nílò gain 60 dB, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ sọ iná kékeré yẹn di ìlọ́po 1,000.

Torí pé òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohùn, ohun tó bá fi kún un, bóyá ariwo ni o, bóyá adùn ni o, gbogbo ẹ̀rọ tó kù láá máa gbé e lọ. Bí ata bá ti jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ lè da magí sí i títí di alẹ́.

Máìkì àti preamp yí orin kíkọ pàápàá padà. Kò pọn dandan mọ́ kí akọrin máa pariwo. Èèyàn bíi Bing Crosby lè kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí olólùfẹ́ létí, kí gbogbo Amẹ́ríkà sì gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mí sínú máìkì lórí orin ìfẹ́ lónìí, ibẹ̀ lẹ ti jogún ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ n mú yín pàdé ọkùnrin tí mo torí ẹ̀ kọ thread yìí.

Geoff Emerick. Wọ́n bí i ní London ní 1945. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ní sítúdíò EMI tó wà ní Abbey Road ní 1962. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 20, òun ni ẹnjiníà àwọn Beatles, lórí àwo Revolver. Ọmọ ọdún 20! Désìkì tó ń lò nígbà náà, EMI fúnra wọn ló ṣe é, REDD ni wọ́n ń pè é. Valve ló wà nínú preamp ẹ̀, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń gbóná, tó máa ń pọ́n yòò.

Valve ní ìwà kan. Bí ẹ bá fún un ní ohùn tó ju agbára ẹ̀ lọ, kì í já lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ̀. Ohùn á kọ́kọ́ sanra, kó tó wá máa họ. Ní July 1968, John Lennon fẹ́ kí gìtá òun dún bí ohun tó fẹ́ ya, fún orin "Revolution". Wọn ò lo máìkì. Wọ́n ki gìtá sínú désìkì tààrà, wọ́n gbé e gba inú preamp kan, wọ́n tún gbé e gba inú òmíì, wọ́n sì ṣí méjèèjì kọjá ààlà. Emerick ní ká ní òun lọ̀gá sítúdíò lọ́jọ́ yẹn, tóun wọlé bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, òun á lé ara òun kúrò níṣẹ́.

Oṣù yẹn gan-an ló fi àwọn Beatles sílẹ̀ torí ìjà wọn ti sú u. Nígbà tó fi máa padà ní 1969 fún àwo Abbey Road, désìkì ti yí padà. Tuntun náà ń jẹ́ TG12345, transistor ló wà nínú ẹ̀. Máìkì 24 ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó lágbára gan-an ni. Emerick ò fẹ́ràn ẹ̀! Ó ní ìlù ò nà án láyà mọ́, gìtá ti rọ̀, gbogbo nǹkan ti lọ múlọ́múlọ́.

Yàrá kan náà, ọwọ́ kan náà, ọ̀pọ̀ máìkì kan náà. Àwọn kan máa ń lo ìtàn yìí bí ẹ̀rí pé valve ju transistor lọ. Ẹ rọra o. Kì í ṣe désìkì nìkan ló yí padà, ẹ̀rọ téèpù náà ti kúrò ní track 4 bọ́ sí 8. Tí nǹkan méjì bá yí padà pọ̀, tẹ́ ẹ sì mú ọ̀kan pé òun ló ṣe é, ìdájọ́ yín ti wọ́. Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìrọ̀rùn tó ń bí i nínú yẹn làwọn èèyàn ń sanwó fún báyìí. Wọ́n ti ṣe plugin TG, wọ́n ń tà á fún wa pé ó ń mú ohùn rọ̀.

(Ẹ jẹ́ n tètè gbé èyí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé: ní 1971, Fela kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí Abbey Road yẹn náà, wọ́n gba Fela's London Scene sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá àgbà kọrin sínú àrọ ní 1922, ọmọ ọmọ kọrin sínú máìkì ní 1971, ní ìlú kan náà.)

1973. Emerick bá Paul McCartney wá sí Èkó. Ẹ ò ka ọ̀rọ̀ yẹn ṣì. Èkó tiwa yìí. EMI ní sítúdíò ní Wharf Road, Àpápá, McCartney sì fẹ́ ibi tó jìnnà tó máa ti ṣe àwo tuntun. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ti kọ̀wé fi í sílẹ̀. Ó ku òun, ìyàwó ẹ̀ Linda, àti Denny Laine. Wọ́n bọ́ sínú òjò, wọ́n bá sítúdíò tí désìkì ẹ̀ ní àbùkù, tí ẹ̀rọ téèpù kan ṣoṣo tó ní track 8 wà níbẹ̀. Àwọn olè dá Paul àti Linda lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gba téèpù tí orin tuntun wà nínú ẹ̀ lọ. Fela lọ bá wọn ní sítúdíò, ó ní orin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fẹ́ wá jí, àfìgbà tí Paul gbé ohun tí wọ́n ti ṣe fún un gbọ́. Orin kan nínú àwo náà, ọ̀dọ̀ Ginger Baker ni wọ́n ti gbà á, ní sítúdíò ARC ní Ìkẹjà. Ginger Baker tó bá Fela lu ìlù yẹn náà ni.

Àwo tó jáde ni Band on the Run. Ní 1975, Emerick gba Grammy lórí ẹ̀, ẹ̀bùn fún ẹnjiníà. Kì í ṣe fún orin o, fún bí wọ́n ṣe gba ohùn sílẹ̀! Òótọ́ ni pé London ni wọ́n ti parí ẹ̀, wọ́n fi ohùn àti àwọn nǹkan míì kún un níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Àpápá ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, lórí désìkì tó ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ohùn yín ò lè dé ibì kankan láìsí preamp olówó ńlá, ẹ bi í léèrè nípa Wharf Road.

Ẹ má tíì yọ̀ jù. Etí Emerick yìí náà ló tún ṣe ohun tó fẹ́ da ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ rú.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Neve rí. Rupert Neve, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i ní 1926. Ní 1970 ló ṣe 1073, preamp tí gbogbo ẹni tó ń ta plugin ń fi búra. Transistor ni, ṣùgbọ́n transformer wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé àti àbájáde ẹ̀, wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin. Ohùn á gba inú irin yẹn kọjá, irin á sì fi díẹ̀ tiẹ̀ kún un, pàápàá nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní "warmth" nìyẹn.

Neve ṣe désìkì ńlá kan fún AIR, ilé-iṣẹ́ George Martin. Emerick jókòó sídìí ẹ̀, ó ní inú òun ò dùn sí ikanni mẹ́ta nínú ẹ̀. Ó ní wọn ò dún bíi ti àwọn yòókù. Wọ́n wò ó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọn ò rí nǹkan kan. Ó fọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan wà níbẹ̀. Neve fúnra ẹ̀ wá jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé wọn ò so transformer àwọn ikanni náà bó ṣe yẹ. Ìyẹn mú kí ohùn ga sókè pẹ̀lú 3 dB níbì kan. Níbo? Ní 54,000 hertz.

Etí ọmọdé tó dára jù lọ kì í kọjá bí 20,000. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń wálẹ̀. 54,000, ajá ò lè gbọ́ ọ. Bóyá àdán.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Neve sọ ìtàn yìí kó tó kú ní February 2021, lẹ́ni ọdún 94. Ó gbà títí dọjọ́ ikú pé ara wa máa ń mọ ohun tí etí ò gbọ́. Àwọn míì ní rárá, pé àṣìṣe tó wà ní 54,000 á ti da nǹkan rú nísàlẹ̀, níbi tí etí ti lè mú un. Ẹ̀yìn àwọn yìí ni mo wà. Mi ò gbà pé Emerick gbọ́ 54,000. Mo gbà pé ó gbọ́ nǹkan.

Ẹ sì jẹ́ n sọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ ju gbogbo fídíò "Neve vs API" tó wà níta lọ. Orúkọ kan náà ló wà lára gbogbo ikanni désìkì yẹn. Owó kan náà, àwọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Kò sí ohun tí ojú ẹ̀ lè rí tó máa sọ fún un pé mẹ́ta yìí yàtọ̀. Etí nìkan ló ní. Nínú fídíò, wọ́n á kọ́kọ́ fi bọ́tìnì pupa Neve hàn yín pẹ̀lú iná tó rẹwà, wọ́n á pe iye ẹ̀ ní dọ́là, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ohùn. Ojú yín ti dájọ́ tán!

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ Anna Case tí mo ní ká fi sọ́kàn. Ní 1933, Fletcher àti Munson ní Bell Labs fi hàn pé bí ohùn bá wà nílẹ̀, etí wa kì í gbọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè, ṣe ló máa dà bí ẹni pé ó sanra sí i. Torí náà tí preamp kan bá fi 1 dB péré ga ju èkejì lọ, ẹ ò ní sọ pé "èyí lọ sókè jù". Ẹ máa sọ pé "èyí ní bọ́dì". Anna Case fi ọ̀fun ẹ̀ mú kí méjèèjì dọ́gba, ìyàtọ̀ sì pòórá létí àwọn èèyàn. Àwọn tó ń tajà lónìí ò mú un dọ́gba, ìyàtọ̀ sì yọjú. Lọ́dún 1950, Munson tún bá Gardner gbé ìlànà kan jáde: gbọ́ A, gbọ́ B, wá gbọ́ X, kó o sọ èwo ni X nínú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bi ọ́ èwo lo fẹ́ràn. Ṣó o mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni.

Kí ló dé tí mo fi ń da ara mi láàmú? Sìsítà kan tó ń tẹ̀ lé mi níbí, akọrin ìjọ, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan tó ní sítúdíò ti sọ fún un pé ohùn ẹ̀ "ò ní bọ́dì", pé kó lọ ra preamp kan pàtó, òun náà ló sì máa bá a rà á. Àjọ tó ti ń dá láti oṣù mẹ́jọ ló fẹ́ kó lé e. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan.

A yá preamp náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ó fi sí ẹ̀gbẹ́ àpótí pupa kékeré tí sìsítà ní nílé, Focusrite Scarlett. Ẹ gbọ́ nǹkan: Rupert Neve yẹn náà ló dá Focusrite sílẹ̀ ní 1985, kó lè ṣe preamp fún désìkì AIR. Ilé-iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àpótí pupa yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Kò kọrin lẹ́ẹ̀mejì, torí kò sẹ́ni tó lè kọ orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. A pín wáyà máìkì kan ṣoṣo sí méjì, orin kan náà wọ inú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ká tó mú wọn dọ́gba, ó tẹ́tí, ó ní olówó ńlá ló dùn jù, kò tiẹ̀ rò ó. Ó ga ju èkejì lọ pẹ̀lú 2 dB. A mú wọn dọ́gba nínú kọ̀ǹpútà, àbúrò ẹ̀ yí orúkọ fáìlì padà, ó sì gbọ́ X ní ìgbà 16. Ẹni tó bá kàn ń méfò lè gba 8. Ká tó lè sọ pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ó yẹ kó gba 12 ó kéré tán. Ó gba 9.

Lẹ́yìn náà la lo máìkì míì, èyí tí ohùn ẹ̀ kì í tètè jáde, ó sì kọ orin tó jẹ́jẹ́ gan-an, bí ẹni ń gbàdúrà lóru. Àpótí pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin gain ẹ̀. Ibí yìí, ó gba 14. Ariwo ṣàà ló fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn ọ̀rọ̀, níbi tó ti ń mí. Ẹ rí i pé mi ò sọ pé preamp ò ṣe nǹkan kan o. Ó ń ṣe é, níbi tí iṣẹ́ bá ti wúwo fún un.

Sìsítà kì í lo máìkì kejì yẹn, a yá a ni. Ó fi díẹ̀ nínú àjọ ra aṣọ fèrèsé tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì fún yàrá tó ń lò, torí gbogbo wa ló gbọ́ bí ògiri ṣe ń dá ohùn padà nínú fáìlì méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ bá a ra preamp ò dá a lóhùn lórí WhatsApp mọ́.

Emerick kú ní October 2018. Ká ní ó ṣì wà, ohun tí n bá bi í ò ju pé: bí wọ́n bá bo désìkì yẹn láṣọ, tí wọ́n da àwọn ikanni náà rú, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa mú mẹ́ta yẹn nínú ìgbà 16?

Sìsítà ti gbà kí n gbé fáìlì síta. A, B àti X wà nísàlẹ̀ thread yìí, máìkì ẹ̀ ni, wọ́n ti dọ́gba. Ẹ lo earpiece, ẹ má lo ìlù fóònù. Ẹ dìbò kẹ́ ẹ tó ka ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Friday ni màá sọ èwo ni X. Ẹ̀yin producer tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹ mọ Neve látòkèèrè, mò ń wò yín o.